Eré, Àlọ́ àti Ìṣọ́ra Ọmọdé lórí Ayélujára

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nínú ọ̀wọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò máa retí lẹ́nu mi ni ọ̀rọ̀ nípa ewì tàbí ìtàn àròsọ, nítorí pé òun ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ṣe. N kò kúrò nídìí iṣẹ́ náà lónìí. Ọ̀rọ̀ àlọ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà dé ibẹ̀ lè ṣe àjèjì sí wa díẹ̀. Mo fẹ́ kí a yẹ eré orí ẹ̀rọ wò, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe láti fi kọ́ àwọn ọmọdé bí wọn yóò ti máa ṣọ́ra lórí ayélujára, kí a sì bi ara wa léèrè ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti ń wọ ọmọ lára àti ibi tí ó ti ń kùnà.

Èmi ì bá má dá sí ọ̀rọ̀ yìí rárá bí kì í bá ṣe ti ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi. Àbúrò mi obìnrin kan ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 10 nígbà náà, tí ó wá lo ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti fi ọ̀kan nínú àwọn eré tí mo ń wí yìí kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ṣí i fún mi lórí fóònù mi kí n lè rí bí òun ti mọ̀ ọ́n tó. Kò sí ìbéèrè kan tí kò dáhùn. Ó mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní páásíwọọ̀dù, han ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣàdédé ṣèlérí ẹ̀bùn fún ènìyàn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀tàn ni ó fẹ́ ṣe. Mo yìn ín, mo sì fún un lówó gúgúrú.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí ìyá rẹ̀ fi pè mí pẹ̀lú ẹkún. Ẹnìkan tí ọmọ náà ti ń bá ṣe eré mìíràn lórí ẹ̀rọ láti bí oṣù kan ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka nọ́ńbà mẹ́fà kan, tí yóò wọlé sórí fóònù ìyá rẹ̀, fún òun. Ọmọ kà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹni náà ti gba ojúlé tí ìyá rẹ̀ fi ń bá ẹbí àti ará sọ̀rọ̀ lórí ayélujára, ó sì ti ń fi orúkọ rẹ̀ yáwó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Méjì nínú wọn ti fi owó ránṣẹ́. Ọmọ náà rí gbogbo rẹ̀, ó mọ ibi tí ó ti wá, ó sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò bá a wí, nítorí pé wọ́n ti bá a wí tó. Mo kàn bi í pé ṣé kò rántí eré tí ó fi hàn mí ni. Ó ní òun rántí. Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi ka nọ́ńbà fún àjèjì?" Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe àjèjì o. Ọ̀rẹ́ mi ni." Mo tún bi í léèrè ìdí tí kò fi tètè sọ fún ìyá rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, "Wọn á gba fóònù."

Gbólóhùn méjì wọ̀nyí ni mo ti ń gbé kiri láti ìgbà náà, inú wọn sì ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ti jáde.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà jẹ́ ti a-gbọ́-sọ, ẹ jẹ́ kí a mú eré kan ní pàtó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni ilé-iṣẹ́ Google gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní Be Internet Awesome, wọ́n sì ṣe eré kan tí ń jẹ́ Interland mọ́ ọn. Ilẹ̀ mẹ́rin ni ọmọ yóò là kọjá nínú eré náà. Ọ̀kan jẹ́ ilé gogoro tí ọmọ ń sáré nínú rẹ̀, tí ó ń ṣa ohun ìní rẹ̀ tí ó fọ́n ká kí olè tó bá a; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ bí a ti ń ṣe ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí kò ní rọrùn láti mọ̀. Òmíràn jẹ́ odò tí a kò lè là kọjá láìdáhùn ìbéèrè nípa ohun tí ó jẹ́ òótọ́ àti ohun tí ó jẹ́ ayédèrú. Ìkẹta jẹ́ ìjọba kan tí àwọn afòòró-ẹni ń dà láàmú. Ọmọ yóò máa pín inú rere fún àwọn tí inú wọn bàjẹ́, yóò sì máa dínà mọ́ àwọn tí ń yọ ọmọlàkejì lẹ́nu. Ìkẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Òkè kan ni, dígí ni ó wà níbẹ̀, ọmọ yóò sì máa yí dígí wọ̀nyí kí ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ tọ́ sí, kí ó má baà ta sí ẹni tí kò tọ́ sí. Ẹni tí ó ronú kan èyí mọ iṣẹ́. Ọmọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ayélujára kì í dúró sójú kan. Ó ń rí i bí ìmọ́lẹ̀ ti ń ta láti ara dígí kan dé ara èkejì. Èmi tí mo ti dàgbà, mo jókòó ti eré náà fún odidi ọ̀sán kan, ẹ má sì jẹ́ kí ó ya yín lẹ́nu pé mo kùnà lójú odò.

Google nìkan kọ́ ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní 2012, àjọ FBI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta dé ìkẹjọ, tí wọ́n ya erékùṣù sọ́tọ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì ń fi èsì ìdánwò wọn díje. Lójú tèmi, ìdánwò tí a fi ọ̀dà eré kùn ni ọ̀pọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kì í sì í pẹ́ mọ̀.

Ǹjẹ́ wọ́n ń ṣiṣẹ́? Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì New Hampshire ní Amẹ́ríkà yẹ ètò Google náà wò lọ́nà tí ó yẹ kí a máa gbà yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n mú ọmọ 1,072 láti ilé-ẹ̀kọ́ 14, láti kíláàsì kẹrin dé ìkẹfà. Wọ́n fi ètò náà kọ́ apá kan, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ láìkọ́, kí wọ́n lè fi wéra. Èsì wọn jáde ní 2023. Àwọn tí a kọ́ mọ àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọkàn wọn sì túbọ̀ balẹ̀ pé àwọn lè borí ìṣòro tí ó bá dé bá àwọn lórí ayélujára. Ṣùgbọ́n ní ti pípa ọ̀rọ̀ ara ẹni mọ́, ní ti ìwà pẹ̀lẹ́ sí ọmọlàkejì, àti ní ti kí ọmọ tọ ẹlòmíràn lọ fún ìrànlọ́wọ́ nígbà tí wàhálà bá dé, wọn kò rí ìyípadà tí ètò náà mú wá. Nígbà tí mo kà á, ọmọ àbúrò mi ni mo rí níwájú mi: ó mọ ọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó ka nọ́ńbà, ó sì dákẹ́.

Mo gbà pé a lè tọ́ka sí ìdí kan, ó kéré tán, tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ibí yìí sì ni iṣẹ́ wa àwa onílítíréṣọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Interland, iṣẹ́ ibi tí oníṣẹ́ ibi ń ṣe náà ni orúkọ rẹ̀. Olè ń jẹ́ olè, afòòró-ẹni ń jẹ́ afòòró-ẹni, ọmọ sì ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni bí a ti ń sá fún ọ̀tá tí ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ fi èyí wé àlọ́ Ìjàpá àti Erin, bí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi àgbà. Àwọn ará ìlú ń fẹ́ Erin, agbára kò sì ká a. Ìjàpá ní òun yóò mú un wá. Kò mú ọ̀kọ̀, kò mú okùn. Àkàrà tí a fi oyin sí ni ó mú lọ. Erin tọ́ ọ wò, ó dùn ún. Ìjàpá ní irú rẹ̀ ni ọba ìlú àwọn ń jẹ lójoojúmọ́, àti pé Erin gan-an ni gbogbo ìlú fẹ́ fi jọba báyìí. Wọ́n gbéra, wọ́n ń jó bọ̀. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní ẹlẹ́wà lé e lórí, àga ọba sì wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ wo bí nǹkan wọ̀nyí ti tẹ̀ léra. Ẹ̀bùn ni ó kọ́kọ́ dé, oyè tẹ̀ lé e, ìrìnàjò pẹ̀lú ijó àti ayọ̀ sì tẹ̀ lé oyè. Kòtò ni ó kẹ́yìn. Nígbà tí mo ní kí ọmọ àbúrò mi sọ bí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti pàdé, ohun tí ó sọ fún mi kò yàtọ̀. Ẹni náà kọ́kọ́ fún un ní aṣọ àti ohun ìjà tí wọ́n ń lò nínú eré wọn. Lẹ́yìn náà ó fi í ṣe ọ̀gágun ẹgbẹ́ wọn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò bèèrè ohunkóhun. Ìlérí ẹ̀bùn lójijì ni wọ́n ní kí ọmọ sá fún, ẹ̀bùn tirẹ̀ kò sì bá a lójijì. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Àwọn eré wa sì ń kọ́ ọmọ láti máa wá a lójú pópó.

Ohun kan tún wà nínú àlọ́ yìí tí a kì í sábà kíyè sí. Orin wà nínú rẹ̀, orin tí wọ́n fi ń sin Erin bọ̀ wá jọba. Àwa ọmọ tí a jókòó yí ìyá àgbà ká ni a ń gbe orin náà. Ẹnu tiwa ni a fi ń tan Erin lọ sí kòtò, ó sì ń dùn mọ́ wa, nítorí pé a ti mọ ohun tí Erin kò mọ̀. Mo rántí pé ní alẹ́ kan tí ilẹ̀ ya mọ́ Erin nídìí, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu, ara mi sì bù máṣọ. Mo ti wà ní ìhà ọ̀dọ̀ ẹlẹ́tàn, mo ti mọ bí ẹ̀tàn ti ń rìn láti inú wá. Ọmọ tí ó ti gbe irú orin bẹ́ẹ̀ rí yóò máa fetí sí i níbòmíràn.

Ó dùn mọ́ mi pé àwọn kan ní òkèèrè ti gba ọ̀nà tiwọn dé ibi tí àlọ́ yìí wà. Ní 2018, Jon Roozenbeek àti Sander van der Linden ti Yunifásítì Cambridge, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Netherlands, gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Bad News. Nínú eré náà, ẹni tí ń ta á ni òpùrọ́. Òun ni yóò máa ṣe ìròyìn èké, tí yóò máa kó ọmọlẹ́yìn jọ, tí yóò máa fi ara rẹ̀ pe ẹni tí kì í ṣe, tí yóò máa ru ìbínú sókè. Àbá tí wọ́n gbé e lé ni ti William McGuire, ẹni tí ó kọ́ni láàárín àwọn ọdún 1960 pé a lè fún ọkàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára bí a ti ń fún ara, pé kí a fi ìwọ̀nba ẹ̀tàn díẹ̀ tọ́ ènìyàn wò kí ti gidi tó dé. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 lórí àwọn ènìyàn bí 15,000, àwọn tí ó ta eré náà túbọ̀ mọ ìròyìn èké yàtọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ta á tán. A kò gbọdọ̀ sọ èyí kọjá bí ó ti mọ, nítorí pé àwọn tí ó fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn wá, eré náà kì í sì í ṣe ti ọmọ kékeré. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ibi ìdí ààrò ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ èdè kan wà níbí tí n kò lè fò kọjá. Òfin àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó ń kọ́ ọmọ wọn ni pé kí ó má bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́ tí olùkọ́ kan ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n má bá àlejò sọ̀rọ̀. Àlejò kẹ̀! Àlejò ni ẹni tí a ń kọ́ ọmọ Yorùbá láti dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí, kí ó gbé omi fún, kí ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ sọ pé àjèjì ni a fẹ́ wí, ọmọ àbúrò mi ti dá wa lóhùn ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa kò ṣàì ní ohun tí a lè fi kọ́ ọmọ. Gbogbo wa ni a mọ ọmọ tí ó mọ ojú. Bí àlejò bá fún un ní ẹran nínú ọbẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá bi í léèrè ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe nílé, ojú ìyá rẹ̀ náà ni yóò wò. Òfin kọ́ ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ń há sórí, ojú ni ó ń kà, ó sì ń kà á fún ọdún púpọ̀ kí ó tó lè dá mọ ohun tí ojú náà ìbá wí nígbà tí ìyá kò sí nítòsí. Lórí ayélujára, ìyá kò sí nítòsí. Eré tí ó bá fẹ́ ṣe wá lóore gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìyá tàbí bàbá lè jókòó tì, tí ọmọ yóò máa gbójú sókè wò wọ́n bí ó ti ń ta á.

Èmi kò sì ní kí a fi gbogbo rẹ̀ lé àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́. Google tí ó ń kọ́ ọmọ láti má fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ fún olè, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni òun àti YouTube tí ó jẹ́ tirẹ̀ gbà láti san 170 mílíọ̀nù dọ́là ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdé jọ láìgba àṣẹ òbí. Kò sí ilẹ̀ kankan nínú Interland tí a ti kọ́ ọmọ láti bèèrè ohun tí ẹni tí ó ṣe eré fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa òun. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, Epic Games tí ó ni Fortnite gbà láti san 520 mílíọ̀nù dọ́là. Ara ohun tí ìjọba fi sùn wọ́n ni pé wọ́n ṣí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbayawu láàárín àwọn ọmọdé àti ẹni tí wọn kò mọ̀. Ní tiwa níhìn-ín, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 ti sọ pé àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ ni a gbọ́dọ̀ gbà kí a tó lo ọ̀rọ̀ nípa ọmọdé. Òfin dára. Èmi kò rò pé ọmọ kan yóò mọ̀ pé ó wà.

Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, mo ti ń gbìyànjú eré kan nílé mi ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹbí àti ti àdúgbò. Mi ò pè é ní ìwádìí. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ọmọ bí mẹ́fà tàbí méje a jókòó, wọn a kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, olúkúlùkù a ní ọmọ ayò 12 níwájú rẹ̀ àti ìwé pélébé kan tí a kọ àṣírí mẹ́ta sí: orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, nọ́ńbà fóònù, àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àfọwọ́dá. Orúkọ àdàpè ni wọ́n fi ń kọ ìwé sí ara wọn, ọmọ kan tí ó dàgbà díẹ̀ a sì máa gbé ìwé náà kiri. Ẹnìkan ti mú ìbò Ìjàpá láàárín wọn, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ Ìjàpá ni kí ó gba àṣírí wọn kí ìjókòó tó tú. Ó lè fi ọmọ ayò rẹ̀ tọrẹ, ó lè yìn wọ́n, ó lè halẹ̀ mọ́ wọn. Ìyàwó mi a jókòó sí igun yàrá, òun ni Ìyá Ilé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú lè gbé ìwé tí ó gbà lọ fi hàn án.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá tọ Ìyá Ilé lọ yóò pàdánù ọmọ ayò méjì, kí wọ́n má baà máa sáré lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ọjọ́ Sátidé méjì kọjá, ẹnikẹ́ni kò dìde. Ìjàpá gba àṣírí gbogbo wọn. Ìyàwó mi ni ó la ojú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ ni ẹ ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn yìí?" Ojú tì mí. Mo rántí bojúbojú bí a ti ń ṣe é ní àdúgbò wa: ọmọ tí a ń lé, bí ó bá ti lè sáré fọwọ́ kan ìyá eré, ó bọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pa òfin mi rẹ́. Mo fi òmíràn sípò rẹ̀, pé ẹni tí ó ti jẹ́ kí àṣírí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá lè wá sọ ọ́, yóò gba ọmọ ayò mẹ́ta padà lára ti Ìjàpá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń dìde.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi wá, ó sì mú ìbò Ìjàpá. Mo rí i bí ó ti jókòó jẹ́ẹ́. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ayò méjì ni ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin tí ó kéré jù láàárín wọn, pẹ̀lú ìwé pé òun ni ó gbọ́n jù níbẹ̀. Ó tún fi méjì mìíràn ránṣẹ́. Ọmọbìnrin náà wo ọmọ ayò rẹ̀ tí ó ti di 16, ó gbójú sókè wo igun yàrá, ó sì dìde. Ó gbé ìwé méjèèjì fún Ìyá Ilé, ó ní, "Ẹ̀yin mà, ẹnìkan ń fún mi ní nǹkan, kò sì tíì bèèrè nǹkan kan."

Ọmọ àbúrò mi figbe ta pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, pé òun kò tíì ṣe ohunkóhun, pé kò yẹ kí a fẹjọ́ ẹni tí kò tíì bèèrè nǹkan sùn. Àwọn tí ó kù dá sí i, àwọn kan gbè é, àwọn kan ní ọmọbìnrin náà ni ó jàre. Àríyànjiyàn náà pọ̀ débi pé oúnjẹ alẹ́ tutù. Mo ní kí wọ́n fi òfin lé e lórí fúnra wọn kí a tó tún eré náà ta ní Sátidé tí ń bọ̀. Ọmọ àbúrò mi ń ṣa ọmọ ayò jọ sínú àpò rẹ̀ nígbà náà. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ní kí a jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sọ ọ́ máa lọ sọ ọ́.